Ìjàpá àbí Píjò: Èwo Ni Ọ̀rẹ́ Márùn-ún Lè Jọ Jí Dìde?

Òkú ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá nínú oṣù kan ṣoṣo. Èkíní jẹ́ Volkswagen Ìjàpá tó wà lẹ́yìnkùlé màmá àgbàlagbà kan n'Íbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé tó ti ń já lé e láti ọdún gbọọrọ ti jẹrà di ilẹ̀dú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, koríko sì ti hù nínú ilẹ̀dú ọ̀hún. Èkejì jẹ́ Peugeot 504, tí ẹnu wa ti sọ di Píjò, nínú ọgbà mẹkáníìkì kan. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló dúró lé. Kò ní táyà, kò ní iná iwájú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti di ihò. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì ń dán.

Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún la jókòó lé ọ̀rọ̀ náà: tíṣà kan, télọ̀ kan, ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó, ẹni tó ń ṣírò owó fún ilé iṣẹ́ kan, àti èmi tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ti ọ̀rọ̀ kan bọ inú òmíràn lọ. Kò sí mẹkáníìkì kankan nínú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jiyàn. Tíṣà ń pariwo Píjò, ó ní Píjò ni bàbá òun kò lè rà títí ó fi kú. Télọ̀ ní kí ló dé tí a fẹ́ ra ọkọ̀ tí a kò lè dá gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìjàpá la padà rà. Àwọn márùn-ún mìíràn tí a jọ máa ń pàdé níbi ìnáwó ló ra Píjò náà, kò pé oṣù méjì lẹ́yìn tiwa.

Mo rí ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì, mo rí ìparí wọn. N kò ní ṣe bí ẹni pé mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìpáàrà kò lè ṣe adájọ́ tó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ibi tí Píjò bá ti na tiwa, màá sọ ọ́.

Ọdún kan náà ni àwọn ọkọ̀ méjèèjì di ọmọ ilẹ̀ wa. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, ní 1975 náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó débí. Ferdinand Porsche ló ṣètò Ìjàpá ní Jámánì láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ọdún 1968 ni wọ́n fi 504 han ayé ní ìlú Paris, nígbà tó sì di 1969, òun ni wọ́n dé ládé ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọdé nílé wa nígbà náà kò nílò ìwé kankan láti mọ ìyàtọ̀ wọn. Píjò ni ọkọ̀ kọmíṣọ́nnà, ọkọ̀ ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ ológun tó ní ọmọ ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ti àwọn awakọ̀ tó ń sáré láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Haúsá ni, tí wọ́n á kó èrò sí ìlà mẹ́ta. Ìjàpá ni ti tíṣà, ti nọ́ọ̀sì, ti ọ̀dọ́ olùkọ́ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá owó ọkọ̀. Bí o bá rí Píjò lẹ́nu ọ̀nà, wàá tún ẹ̀wù rẹ ṣe. Bí o bá rí Ìjàpá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló dé.

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ará Jámánì wo ọkọ̀ yẹn, wọ́n pè é ní kòkòrò, àwa wò ó, a rí ìjàpá. Àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca. Tiwa ló jẹ́ òótọ́ jù lójú mi. Gbogbo ọmọ tó bá ti gbọ́ àlọ́ ló mọ̀ pé Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo já láti òkè, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì tún un tò pọ̀ títí ojú àpá fi di ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ìpáàrà gan-an ni ẹjọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Irin kì í bá omi àti afẹ́fẹ́ gbé kó má dógùn-ún. Bí iyọ̀ òkun bá tún dá sí i, bí ó ti rí ní Èkó, iṣẹ́ náà á yá kánkán. Ṣùgbọ́n ìpáàrà ní ibi tó fẹ́ràn. Ibi tí omi bá ti rọ́nà wọlé tí kò rọ́nà jáde ló ń pàgọ́ sí.

Nínú Ìjàpá, ibi àkọ́kọ́ ni abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí bátìrì ń gbé. Omi kíkan inú bátìrì a máa ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì máa jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ títí ihò á fi ṣí. Nígbà tí a gbé bátìrì ti màmá kúrò, kì í ṣe irin ni mo rí lábẹ́ rẹ̀. Yangí ni mo rí, ewé máńgòrò, àti ẹyin adìyẹ kan. Ibi kejì ló dùn mí jù. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, irin gbọọrọ kan wà tí inú rẹ̀ jẹ́ ihò, tí ooru ẹ́ńjìnnì máa ń gbà wá síwájú láti ẹ̀yìn kó lè yá awakọ̀ lẹ́sẹ̀. Òtútù Jámánì ló bí i. Ta ló ń wá ooru sẹ́sẹ̀ n'Íbàdàn? Síbẹ̀, irin yẹn kan náà ló di ara ọkọ̀ mú. Bí ó bá jẹrà, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́, ọkọ̀ á sì tẹ̀ láàárín bí ẹní àtijọ́. Ohun tí kò wúlò fún wa lọ́jọ́ kan rí ló jẹ owó wa jù.

Ṣùgbọ́n oore kan wà níbẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló hàn sójú. Bọ́dì Ìjàpá àti ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, bóòtù ló so wọ́n pọ̀ yí ká. Tú bóòtù wọ̀nyẹn, kí o gbé èèpo kúrò lórí ahun. Fẹ́ńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, bóòtù ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́ ọn, ìkọ̀ọ̀kan kò sì gbà tó dọ́sìnnì bóòtù kan. Òótọ́ ni pé bóòtù tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ máńgòrò kì í gbọ́ràn. A fi epo díísù rin wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, a fi òòlù kàn wọ́n lórí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ. Àwọn kan ṣí, àwọn kan kán mọ́ ibẹ̀, a wá lu wọ́n jáde. Nígbà tí a fẹ́ gbé bọ́dì kúrò, àwa márùn-ún pe ọ̀dọ́ mẹ́rin ládùúgbò, a ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó gbéra. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò wá. Ó ní, "Ẹ rọra o. Bàbá yín kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà."

Píjò kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní irin ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Páànù ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Òótọ́ ni pé fẹ́ńdà iwájú ṣeé tú, ṣùgbọ́n etí ìsàlẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ibi tí orí sípíríìngì iwájú ti gún ara ọkọ̀ lókè, ilẹ̀ búùtù lábẹ́ rọ́gì, ẹ̀bá gíláàsì iwájú, gbogbo wọn ni wọ́n jó mọ́ ara wọn di ọ̀kan. Bí ìpáàrà bá sì wọ ibẹ̀, inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta. Ìta lè máa dán nígbà tí inú ti di ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó wá òòfà kan, ti ìdí gbohùngbohùn rédíò àtijọ́ tó, kó fi áńkáṣíìfù wé e kó má ha ọ̀dà, kó wá máa fà á lára ọkọ̀. Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́, irin nìyẹn. Ibi tí ó bá yọ̀ tẹ̀rẹ́, pútì ni wọ́n fi tan ọ́ jẹ. A gbé òòfà wa dé ọ̀dọ̀ Píjò yẹn nígbà tí a ṣì ń jiyàn. Láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì títí dé orí táyà, kò lẹ̀ mọ́ ibì kan. Òòfà yẹn ló pa tíṣà lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ télọ̀.

Àwọn tó padà rà á kò mú òòfà dání. Dídán ni wọ́n rà.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn á ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ọwọ́ mẹ́wàá níbi tí ẹnìkan ti ń jó irin. Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ yẹ kó bi ara wọn kí wọ́n tó ra òkú ọkọ̀ kì í ṣe èwo ló lẹ́wà jù. Kí wọ́n bèèrè bóyá iṣẹ́ inú rẹ̀ á kárí.

Ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì. Ti Ìjàpá kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Kò ní omi, kò ní radiétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Ibi mẹ́rin péré ni bóòtù ti dè é mọ́ jíà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tú okùn ìtẹsẹ̀, tú wáyà dínámò àti ti kọ́ìlì, yọ rọ́bà epo kí o sì dí i, gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí o sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí pákó. Àwa tí a kò kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, oòrùn kò tíì dé àtàrí tí ẹ́ńjìnnì fi wà nílẹ̀ láàárín wa bí ẹran Iléyá. Tíṣà ló ń ka ìwé àlàyé sókè ketekete bí ẹni ń ka àpèkọ fún ọmọ kíláàsì kẹta, ó sì ń bá ẹni tí kò bá gbọ́ wí. Oníṣirò ń kó bóòtù sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké, ó ń kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá sára rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí náílọ́ọ̀nù múnú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Olóògùn ló gba kábúrétọ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun, ó tú u sórí rẹ̀, ó to àwọn ẹnu ihò kéékèèké tí epo ń gbà sójú kan bí ẹni ń to hóró oògùn, ó sì fọ̀ wọ́n títí tí a fi lè fi ojú kan wo òdìkejì. Télọ̀ kó gbogbo àga lọ sílé. Nígbà tó kó wọn padà dé, ìránṣọ rẹ̀ dára ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Èmi? Sáńpépà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fi sáńpépà ha irin, mo sì máa ń se ẹ̀wà.

Ní ti Píjò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì dà sí. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbé nǹkan wúwo sókè la fi ń yọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da omi radiétọ̀ nù tí wọ́n sì ti tú gbogbo rọ́bà rẹ̀. Mẹkáníìkì wọn, bàbá kan tó ti ń tún Píjò ṣe kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù, yọ ọ́ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì. Àwọn márùn-ún tí wọ́n ni ọkọ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń mu nǹkan tútù. Ọ̀kan nínú wọn dìde láti ràn án lọ́wọ́. Bàbá ní, "Ẹ má bínú ọ̀gá, ẹ jókòó yín, aṣọ yín á yí." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di oníbàárà lórí ọkọ̀ ara wọn.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ bàbá náà dára ju tiwa lọ. Ohun kan wà tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Píjò rọrùn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò jẹ́ sílíífù tó ṣeé fà yọ. Bí ó bá jẹ, wọn á yọ ọ́, wọn á ti tuntun bọ̀ ọ́, kò sí pé a ń gbé bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Bàbá pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ́ńjìnnì gba iná lẹ́ẹ̀kan, ó ń dún rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́. Tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì la tú u. Lákọ̀ọ́kọ́, a fi ẹ̀mí gbígbóná ṣe àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, bẹ́ẹ̀ ìwé tí tíṣà kà sọ pé kó tutù kí a tó fọwọ́ kàn án. Tíṣà ní òun kà á. A ní a kò gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, páànù pẹlẹbẹ méjì kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, a kò mọ iṣẹ́ wọn, a gbé wọn sí kọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ò tíì rìn dé orí òkè àdúgbò tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ajá ọ̀sán. Àṣé páànù yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ ọkọ̀ padà wọnú ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀nba páànù tí kò tó àwo ìjẹun.

Ibòmíràn tí Píjò ti nà wá láìsí àríyànjiyàn ni ọjà. Kàdúná ṣì ń to 504 nígbà tí ọdún 2000 fi wọlé, nígbà tí Faransé ti fi í sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, ẹ dé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Gate níbí n'Íbàdàn, ẹ dárúkọ ohunkóhun lára Píjò, ẹnìkan á na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá dárúkọ ti Ìjàpá, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á wá ní, "Bàbá kan wà ní ibì kan o…" Títí a fi parí, bàbá kan tó wà ní ibì kan la ń wá kiri.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nílẹ̀ òkèèrè, òdìkejì ni. Ìjàpá tí wọ́n ṣe lágbàáyé jẹ́ 21,529,464. Ọjọ́ 30 oṣù keje 2003 ni èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò. Brazil dáwọ́ Fusca dúró ní 1986, wọ́n tún padà ṣe é láti 1993 sí 1996. Ọkọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọ́n ẹ̀yà ara. Gásíkẹ́ẹ̀tì tiwa, inú àpótí àbúrò olóògùn ló ti wọlé láti London, láàárín bàtà àti ṣokoléètì. Àwọn àgbà ọjà á rántí pé ilé iṣẹ́ Èkó náà to ọkọ̀ Brazil kan rí, tí wọ́n fún lórúkọ Igala. Ọ̀nà tó jìn ni ẹ̀yà ara yìí ti máa ń gbà wá.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Àwọn baba wa ní ọ̀nà oríṣiríṣi tí wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í sì í dà wọ́n pọ̀. Nínú èésú, owó la ń dá, ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ máa hàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú àárò, ọjọ́ iṣẹ́ la ń dá. Mo wá sóko rẹ lónìí, o wá sí tèmi lọ́la. Ta ló lè wọn òógùn lórí òṣùwọ̀n? Bí ebè tìrẹ bá fi márùn-ún dín sí tèmi, n kò ní kà á.

Píjò di èésú, kò sì sí bí kò ṣe ní dà bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà fẹ́ gbowó, pẹ́ńtà fẹ́ gbowó, ẹni tó ń na páànù ilẹ̀ búùtù fẹ́ gbowó. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọmọ ọ̀kan nínú wọn wọ yunifásítì, kò rówó dá mọ́. Oṣù kan, wọ́n fojú fò ó. Oṣù kejì, wọn kò pè é mọ́ tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Kò sí sáńpépà tó máa mú. Nígbà tí ọkọ̀ jáde, tó dán, tó rẹwà, tó jẹ́ pé èmi gan-an dúró wò ó, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ẹni náà ní nítorí kí ìwé má baà pẹ́ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó padà san owó àwọn yòókù fún wọn, Píjò di tirẹ̀, oṣù méje péré ni gbogbo rẹ̀ sì gbà.

Tiwa gba oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tó máa gùn, kó tún gbólóhùn yẹn kà. Oníṣirò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ láàárín rẹ̀, oṣù márùn-ún ni kò dá kọ́bọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá, tòun ti náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó jẹ gbèsè títí tí òun fúnra rẹ̀ fi gbé ìwé ìṣirò jáde lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ san án. Télọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nu ọwọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé a kò jà. Ọ̀dà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Tíṣà fẹ́ búlúù, olóògùn fẹ́ funfun, télọ̀ mú ègé aṣọ kan wá tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹyin àparò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkọ̀ fi wà ní pupa ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń dènà ìpáàrà. Màmá ló dá a. Ó ní àwọ̀ ewé ló wà nígbà tí bàbá rà á, ibo la ti wá rí búlúù. Ìyàwó mi náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sátidé, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Àwọn ìyàwó oní-Píjò kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu kò gùn, ṣùgbọ́n n kò ní fò ó. Ẹni tó bá ní Ìjàpá, kó pààrọ̀ rọ́bà epo rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun mìíràn, nítorí òkè ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni rọ́bà yẹn ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ wọn ló ti jó nítorí rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnnì náà ní magnésíọ̀mù, irin fúyẹ́ kan tó jẹ́ pé bí iná bá mú un, omi kò lè pa á. Omi á tún dá kún un ni. Iyanrìn gbígbẹ la kó sínú garawa mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní ti méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró.

Lójú pópó, kò sí ìfiwé. Mo ti wọ Píjò yẹn láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀. Ó gbé kòtò mì bí ẹni gbé òkèlè mì, àga rẹ̀ gbà mí mọ́ra, mo sùn lọ. Kò sẹ́ni tó lè sùn nínú Ìjàpá. Ariwo ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn etí rẹ, tírélà kan bá kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á tì ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, táǹkì epo wà lókè ẹsẹ̀ rẹ níwájú níbi tó yẹ kí ẹrù wà. Ó ní ọgbọ́n ahun, kò sí àní-àní. Nínú tiwa, atẹ́gùn inú sípéà táyà ló ń ta omi sí gíláàsì iwájú, tó fi jẹ́ pé bí o bá fọ gíláàsì jù, sípéà rẹ á rọ̀. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ẹ́ńjìnnì kékeré rẹ̀ ti ń rí ìyìn tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa márùn-ún kò lè jókòó dáadáa nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láàárín ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ ló ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró, a sì máa ń ṣẹ́ gègé fún àyè náà.

Ẹni tó ni Píjò máa ń fọn fèrè kí wa tó bá kọjá. Òun nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀, fèrèsé á wà ní títì, ẹ̀rọ atẹ́gùn á máa ṣiṣẹ́. Tíṣà máa ń fi ojú bá ọkọ̀ náà lọ títí yóò fi yà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni tíṣà pè mí lórí fóònù. Ó ti rí 504 mìíràn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi í pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Ó ń dán." Mo ní báwo ló ṣe ń dán tó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la ó lọ wò ó, àwa márààrún, nínú Ìjàpá. Òòfà ti wà lápò mi.